Ẹ̀KỌ́ KỌKÀNLÁ: ÀRÒKỌ AṢÀLÀYÉ — ÀFIKÚN GÉÈMÙ ÀTI ÌPINNU OLÙRÀ

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, nínú ẹ̀kọ́ tó ṣáájú èyí a ti rí i pé iṣẹ́ àròkọ aṣàlàyé ni láti la ọ̀rọ̀ yé ẹni tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Kì í ṣe ìjà, kì í sì í ṣe ìwàásù. Lónìí, a ó mú ìbéèrè kan tí ojú rẹ̀ jọ tuntun, ṣùgbọ́n tí ọgbọ́n tí a ó fi dáhùn rẹ̀ ti wà tipẹ́. Ìbéèrè náà nìyí:

Ṣàlàyé bí àfikún tí à ń rà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń nípa lórí ìpinnu àwọn tí ń gbá géèmù láti ra géèmù tuntun.

Mo ti fi ìbéèrè yìí lọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ń wá kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ mi nílé lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì. Ọ̀kan nínú wọn mọ̀ nípa géèmù ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Ó kọ ojú ìwé mẹ́rin. Ó sọ bí géèmù ṣe ń mú kí ọmọ gbàgbé ìwé rẹ̀, bó ṣe ń ba ojú jẹ́, àti bó ṣe yẹ kí àwọn òbí gba á lọ́wọ́ ọmọ. Èdè rẹ̀ dán, àmì ohùn rẹ̀ pé, òwe rẹ̀ sì bá ibi tó lò wọ́n mu. Máàkì mẹ́sàn-án nínú ogún ni mo fún un. Inú bí i gidigidi. Mo ní kó ka ìbéèrè náà sókè fún mi. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ó sì dákẹ́. Ohun tó yẹ kó kọ wà lórí rẹ̀ digbí. Kò kàn kọ ọ́ ni. Nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí.

A. YẸ ÌBÉÈRÈ WÒ KÍ O TÓ KỌ OHUNKÓHUN

Mú pẹ́ńsù rẹ, kí o fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta: àfikún, ìpinnu, tuntun.

Àfikún ni ohun tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù ń fi kún un lẹ́yìn tí géèmù náà ti jáde. Ó lè jẹ́ ìtàn tuntun, ìlú tuntun tí a ó rìn dé, jagunjagun tuntun, tàbí aṣọ lásán. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni olùrà ti ń fà á wálẹ̀ sínú ẹ̀rọ rẹ̀. Òmíràn jẹ́ ọ̀fẹ́, púpọ̀ sì jẹ́ títà.

Ìpinnu ni ibi tí ọkàn olùrà dúró sí. Ó lè rà lónìí, ó lè dúró, ó lè wá tòkunbọ̀ lọ, ó sì lè fi ọjà náà sílẹ̀ pátápátá. Bí àròkọ rẹ kò bá sọ ohun tó mú olùrà yan ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, o kò tíì dáhùn ìbéèrè.

Tuntun ní ìtumọ̀ méjì níhìn-ín. Èkíní ni géèmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Èkejì ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí ìtumọ̀ méjèèjì yóò ní ohun púpọ̀ láti sọ.

Wá wo ọ̀rọ̀ tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀: "bí … ṣe". Ọ̀nà tí ọ̀ràn ń gbà ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń béèrè, wọn kò béèrè bóyá géèmù dára tàbí kò dára. Ibẹ̀ gan-an ni ọmọkùnrin yẹn ti ṣìnà.

B. WÁ OHUN TÍ ÒǸKÀWÉ RẸ MỌ̀

Ẹni tí yóò yẹ ìwé rẹ wò lè má gbá géèmù rí láyé rẹ̀. Nítorí náà, bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ̀yin méjèèjì jọ mọ̀. Nínú àpẹẹrẹ tí a ó kà, èènì ni mo mú. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ èènì. Ṣùgbọ́n àfiwé dà bí ọ̀pá ìtilẹ̀. Bí o bá mú un, gbé e dé ìparí àròkọ. Má fi í sílẹ̀ ní agbede méjì kí o tún mú òmíràn.

D. ÌLAPA ÈRÒ

(i) Ìfáàrà: èènì ọjà àti àfikún géèmù.
(ii) Bí àfikún ṣe bẹ̀rẹ̀, àti ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì yí padà.
(iii) Bó ṣe ń mú olùrà dúró.
(iv) Bó ṣe ń ba ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́.
(v) Bó ṣe ń lé olùrà kúrò nídìí tòkunbọ̀.
(vi) Bó ṣe ń so olùrà mọ́ géèmù kan.
(vii) Bó ṣe ń mú olùrà fọkàn tán òǹtà, àti ewu tó wà níbẹ̀.
(viii) Ìgúnlẹ̀.

E. ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Àpẹẹrẹ yìí gùn ju ohun tí o lè kọ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò lọ. Mo fẹ́ kí o rí gbogbo ọ̀nà rẹ̀ ni.

Àfikún Géèmù àti Ìpinnu Olùrà

Bí a bá lọ ra gààrí lọ́jà, ìyá ológààrí yóò kọ́kọ́ wọn kóńgò kún dáadáa kó tó bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Ẹ̀kúnwọ́ yẹn ni èènì. Kì í ṣe ara òṣùwọ̀n, a kì í sì í sanwó rẹ̀, síbẹ̀ òun ló ń mú kí oníbàárà padà wá. Ohun kan wà nínú òwò géèmù tó jọ ọ́. Lẹ́yìn tí géèmù bá jáde, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é á tún gbé àfikún sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé owó ni a fi ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú èènì yìí. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ti yí bí àwọn ènìyàn ṣe ń ra géèmù padà.

Àfikún kì í ṣe ohun àná. Ní ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ Blizzard ti Amẹ́ríkà gbé Diablo II jáde. Ní ọdún 2001, ó ta àfikún rẹ̀ tó ń jẹ́ Lord of Destruction nínú páálí tirẹ̀, pẹ̀lú àwo sìídì tirẹ̀. Owó páálí, owó ọkọ̀ àti èrè onísọ̀ ló mú kó di dandan pé kí irú àfikún bẹ́ẹ̀ tóbi. Ta ni yóò kó ohun kékeré kiri? Íntánẹ́ẹ̀tì ló mú ìnáwó wọ̀nyí kúrò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2006, ilé-iṣẹ́ Bethesda ta ìhámọ́ra ẹṣin fún àwọn tó ti ra géèmù rẹ̀, The Elder Scrolls IV: Oblivion, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní oṣù tó ṣáájú. Lórí ẹ̀rọ Xbox 360, dọ́là 2.50 ni iye rẹ̀. Àwọn ènìyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn kan sì rà á. Irú ọjà kéékèèké bẹ́ẹ̀ ló kọ́ olùrà ní ìbéèrè tuntun. Tẹ́lẹ̀, "Èló ni géèmù yìí?" ni à ń béèrè. Nísinsìnyí, "Èló ni n ó san kó tó pé?" ni ìbéèrè.

Ìbéèrè yìí ló kọ́kọ́ ń mú kí olùrà dúró. Nígbà tí Batman: Arkham Knight jáde ní ọdún 2015, dọ́là 60 ni géèmù náà ní Amẹ́ríkà. Ìwé àṣẹ tí ẹni tó fẹ́ gba gbogbo àfikún rẹ̀ yóò rà sílẹ̀ jẹ́ dọ́là 40. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ dọ́là 100, ẹni tó sì san án tètè ń sanwó ohun tí kò tíì fojú rí. Fi èyí wé ẹni tó ní sùúrù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, Bethesda kó Oblivion àti àfikún ńlá méjì rẹ̀ pọ̀ sínú páálí kan ṣoṣo. Ẹni tó ti rà á ní oṣù kẹta ọdún 2006 ti sanwó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó dúró rí gbogbo rẹ̀ rà lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn tí olùrà bá ti rí irú èyí, nígbà tí géèmù mìíràn bá jáde, yóò bi ara rẹ̀ pé, "Kí ni mò ń kánjú sí?" Ṣùgbọ́n dídúró náà ní iye tirẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ á ti gbá a tán, wọ́n á ti sọ òpin ìtàn náà létí rẹ, àwọn tí ẹ ó sì jọ gbá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì á ti dínkù.

Ìdí kejì tí ènìyàn fi ń dúró ni ìfura. Ní oṣù kẹta ọdún 2012, BioWare, ilé-iṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè Kánádà, gbé Mass Effect 3 jáde. Lọ́jọ́ náà gan-an ni àfikún rẹ̀, From Ashes, wà lórí àtẹ ní dọ́là 10. Àfikún yìí mú ọmọ ogun kan wá láti inú àwọn Prothean, ẹ̀yà àtijọ́ tí ìtàn géèmù náà rọ̀ mọ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn olùrà bínú. Wọ́n ní bí ó bá ti ṣe tán lọ́jọ́ tí géèmù jáde, kí ló dé tí kò sí nínú géèmù? Ilé-iṣẹ́ náà dáhùn pé lẹ́yìn tí iṣẹ́ géèmù gan-an ti parí ni àwọn ṣe àfikún náà. Èsì yìí kò tu ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Lójú tiwọn, ìyá ológààrí ti bù nínú kóńgò, ó sì ń ta ohun tó bù náà fún wọn bí èènì. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Irú olùrà bẹ́ẹ̀ kì í ra géèmù mìíràn kó tó wádìí ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Bí àfikún ṣe ń lé àwọn kan sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ti àwọn mìíràn sídìí ọjà tuntun dípò tòkunbọ̀. Ní ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ Electronic Arts bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà àṣírí kan sínú páálí àwọn géèmù eré ìdárayá rẹ̀. Nọ́ńbà náà ló ń ṣí ọ̀nà sí gbígbá géèmù pẹ̀lú ẹlòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ra àwo tòkunbọ̀ yóò san dọ́là 10 kó tó lè gba nọ́ńbà tirẹ̀. Wo ìṣirò rẹ̀: bí tuntun bá jẹ́ dọ́là 60, tí tòkunbọ̀ sì jẹ́ dọ́là 50, dọ́là 10 yẹn ti sọ méjèèjì di ọgbọọgba. Ta ni yóò tún ra tòkunbọ̀? Ní ọdún 2013 ni ilé-iṣẹ́ náà pa ètò yìí tì, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ kò kú. Àwo ṣeé tà fún ẹlòmíràn. Àfikún tí a fà wálẹ̀ lórúkọ ẹnì kan kò ṣeé tà. Ẹni tó bá ń rò ó pé òun yóò ta géèmù òun lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ní láti mọ̀ pé owó àfikún kò ní padà.

Nínú géèmù bọ́ọ̀lù tí àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn, àfikún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn. Láti ọdún 2009 ni géèmù FIFA, tó ti di EA Sports FC láti ọdún 2023, ti ní Ultimate Team, níbi tí ènìyàn ti lè fi owó tàbí àkókò kó àwọn agbábọ́ọ̀lù jọ. Ọdọọdún ni géèmù tuntun ń jáde, àwọn agbábọ́ọ̀lù tí a kó jọ lésìí kì í sì í bá wa wọ inú tuntun. Èyí ń pín olùrà sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ń ra tuntun lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kí ẹgbẹ́ wọn má bàa gbẹ́yìn. Àwọn mìíràn ń wo owó tí wọ́n ti ná, wọn kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Fún ẹni tó ń gbé ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, ìnáwó kan tún wà lórí èyí: owó dátà. Àfikún ńlá lè gba dátà tó pọ̀ gan-an, nítorí náà èyí tí wọ́n pè ní ọ̀fẹ́ pàápàá kì í wọlé lọ́fẹ̀ẹ́.

Síbẹ̀, àfikún lè mú kí olùrà fọkàn tán òǹtà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, CD Projekt Red ti orílẹ̀-èdè Pólàǹdì gbé The Witcher 3 jáde. Àfikún kéékèèké 16 ló fún gbogbo olùrà lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ló ta ńlá méjì: Hearts of Stone ní oṣù kẹwàá ọdún 2015 ní dọ́là 10, àti Blood and Wine ní oṣù karùn-ún ọdún 2016 ní dọ́là 20. Kóńgò ti kún, èènì ti wà lórí rẹ̀, kí wọ́n tó tún ta òmíràn. Òkìkí yìí wà lára ohun tó mú kí ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 8 sanwó Cyberpunk 2077, géèmù tuntun ilé-iṣẹ́ kan náà, sílẹ̀ kó tó jáde. Ó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2020 pẹ̀lú àbùkù púpọ̀. Láàárín oṣù náà ni Sony mú un kúrò lórí àtẹ íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kò sì dá a padà títí di oṣù kẹfà ọdún 2021. Ilé-iṣẹ́ náà ṣiṣẹ́ ọdún bíi mélòó kan láti tún un ṣe, ó sì tó oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 kó tó ta àfikún ńlá rẹ̀, Phantom Liberty. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé èènì àná kì í ṣe ẹ̀rí òṣùwọ̀n òní.

Ní ìparí, àfikún kì í ṣe ohun búburú, kì í sì í ṣe ohun rere fúnra rẹ̀. Ó ń mú àwọn kan dúró, ó ń mú àwọn kan fura, ó ń lé àwọn kan kúrò nídìí tòkunbọ̀, ó ń so àwọn kan mọ́ géèmù, ó sì ń mú àwọn kan rà pẹ̀lú ìfọkàntán. Ohun kan ló wà nídìí gbogbo rẹ̀: ṣé kóńgò kún kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ èènì? Bí olùrà bá gbà pé ó kún, yóò rà, yóò sì tún san owó àfikún tayọ̀tayọ̀. Bí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, yóò dúró tàbí kó kọjá lọ.

Ẹ. ÀKÍYÈSÍ

1. Kíyè sí i pé gbogbo ìpínrọ̀ ló padà sórí ìpinnu olùrà. Bo ìwé mọ́lẹ̀, kí o sì bi ara rẹ pé, "Kí ni olùrà ṣe nínú ìpínrọ̀ yìí?" Bí ìpínrọ̀ kan nínú iṣẹ́ tìrẹ kò bá ní ìdáhùn, fa igi lé e.

2. Òwe kan ṣoṣo ló wà nínú àpẹẹrẹ yìí, ó sì wà níbi tí ó ti ṣiṣẹ́. Òwe mẹ́wàá kò lè bo àìní ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

3. Wo bí mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ Mass Effect 3 kalẹ̀. Mo sọ ẹ̀sùn, mo sì sọ èsì. Àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Alálàyé tó gbọ́ tẹnu ẹnì kan ṣoṣo kì í ṣe alálàyé mọ́.

4. Ọdún àti iye owó tó dá ọ lójú ni kí o kọ. Èyí tí kò bá dá ọ lójú, fi í sílẹ̀. Èyí tó dájú méjì dára ju àfẹnusọ ogún lọ.

5. Orúkọ géèmù àti ti ilé-iṣẹ́ ni kí o kọ bí àwọn tó ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Má fi àmì ohùn sí i.

Ọmọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè tún àròkọ náà kọ lọ́sẹ̀ kejì. Ó sọ bí òun ṣe tọ́jú owó ìpápánu òun fún oṣù mélòó kan láti ra géèmù bọ́ọ̀lù, àti bí òun ṣe dá owó náà padà sápò nígbà tí òun ronú lórí ohun tí òun yóò tún máa san lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ìwé méjì péré ni. Máàkì mẹ́rìndínlógún ló gbà. Kò kọ́ ohun tuntun kankan nípa géèmù láàárín ọ̀sẹ̀ méjèèjì. Ìbéèrè ló kọ́ láti kà.

F. ÌDÁNRAWÒ

1. Kọ ìlapa èrò lórí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, má sì kọ àròkọ náà títí ìlapa èrò yóò fi pé:
(a) Bí owó dátà ṣe ń nípa lórí ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń rà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì.
(b) Ìdí tí àwọn kan fi ń ra ọjà tòkunbọ̀ tí àwọn mìíràn sì ń dúró de tuntun.

2. Fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó ṣe pàtàkì jù nínú ìbéèrè tí o yàn, kí o sì kọ ìtumọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn kan.

3. Wá àfiwé kan láti inú ọjà, oko tàbí ilé tí ẹni tí kò mọ íntánẹ́ẹ̀tì rárá yóò lóye. Kọ ìfáàrà rẹ lé e lórí.

4. Ka àròkọ rẹ sókè fún àgbàlagbà kan nílé. Bí ó bá bi ọ́ pé, "Kí ni ìyẹn?", padà sí ibi tó ti béèrè, kí o tún un kọ.